Alágbàtọ́ Kì í Ṣe Wọ́dà

Bí a bá ní kí o kọ orúkọ iṣẹ́ mẹ́wàá tí ó wù ọ́ láti ṣe lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, mo mọ àwọn tí yóò wà níbẹ̀. Dókítà yóò wà níbẹ̀, lọ́yà yóò wà níbẹ̀, ẹnjiníà kò ní gbẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì lè rí ààyè, tíṣà náà sì lè rá pálá wọlé sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ṣùgbọ́n mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé o kò ní kọ iṣẹ́ alágbàtọ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ayé ń pè ní aláìgbọràn. Bóyá o kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Bí o bá sì ti gbọ́ nípa rẹ̀, wọn yóò ti sọ fún ọ pé àárín àwọn jàgùdà kéékèèké ni, pé pàṣán ni irinṣẹ́ rẹ̀, pé kọ́kọ́rọ́ tí ó so mọ́ ìdí ni àmì oyè rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé a ti ṣi iṣẹ́ náà mọ̀. Ẹni tí ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe wọ́dà, ilé tí ó ti ń ṣe é kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Bí ilé náà yóò bá wo ọmọ kan sàn, ẹni tí ń bá a gbé ibẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ògiri gíga àti ẹgba kì í ṣe oògùn. Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́ alágbàtọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí a sanwó gidi fún un, kí a sì jẹ́ kí ó pẹ́ ní ojú kan. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, òun sì ni èmi kà sí jù.

Ta ni àwọn ọmọ náà? Má ṣe rò pé olè ni gbogbo wọn. Ọ̀kan lè jẹ́ ọmọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí níbi tí ó ń sùn sí lábẹ́ bíríìjì ní Òṣòdì. Òmíràn lè jẹ́ ọmọbìnrin tí ó sá kúrò ní ilé tí ó ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí àpá ẹgba sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. Òmíràn já àpò gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́jà. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé bàbá tí ó bí i lọ́mọ gan-an ni ó fà á lọ sí Wẹ́fíà, tí ó ní apá òun kò ká a mọ́. Mo ti rí irú bàbá bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí a bá òun tọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà, bí ẹni tí ó gbé aago lọ fún ẹni tí ń tún aago ṣe.

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa kì í kọ́ ilé fún ọmọ tí ó ya ìpáǹle. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní abúlé, tàbí ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, ni wọ́n máa ń fà á lé lọ́wọ́. Wọn a ní ojú mérin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Nígbà tí Èkó wá kún, tí àwọn ọmọ tí kò ní ẹbí nítòsí pọ̀ ní ìdíkọ̀ àti ní ọjà, igba ojú náà kò sí mọ́. Ní 1941, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Donald Faulkner ṣe òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò máa mójú tó ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ní 1943 ni wọ́n ṣe òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí ó fún adájọ́ lágbára láti fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú dípò ẹ̀wọ̀n. Òfin Bọ́sítà dé ní 1960, fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 16 tí wọn kò sì tíì pé 21. Kàdúná, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta ni ilé Bọ́sítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, tún lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ó ní ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18. Ó ka nína ọmọ lẹ́gba nípa àṣẹ ilé ẹjọ́ léèwọ̀. Ó tilẹ̀ ní kí adájọ́ má ṣe lo irú ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá àgbàlagbà lẹ́bi fún ọmọdé. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ṣùgbọ́n èrè wo ni ó wà níbẹ̀ bí adájọ́ bá ṣọ́ ẹnu rẹ̀, tí alágbàtọ́ sì ń jí ọmọ náà láràárọ̀ pẹ̀lú “Olè, dìde!”? Ẹjọ́ tí kóòtù kò dá, alágbàtọ́ ti dá a, ojoojúmọ́ ni ó sì ń dá a.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ olùkọ́. N kò ní dárúkọ ilé náà. Àwọn ọmọkùnrin bí ọgbọ̀n ni ó wà níbẹ̀, àwa alágbàtọ́ sì jẹ́ mẹ́fà, tí a ń pín ọ̀sán àti òru láàárín ara wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé ìjà ni yóò jẹ́ ìṣòro mi. Ìjà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ọgbọ́n jù ni ẹní tí ó tutù. Ọmọ ọdún 14 kan wà tí ó ga jù mí lọ, tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù. A máa tọ̀ sórí ẹní lóru. Màmá kan sì wà láàárín wa tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Láago márùn-ún ìdájí, kí a tó lu agogo ìjí, màmá yìí yóò ti yọ́ wọlé. Yóò fọwọ́ kan ọmọ náà ní èjìká, yóò gba aṣọ tí ó tutù lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì fún un ní gbígbẹ. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, aṣọ náà ti wà lórí okùn pẹ̀lú aṣọ àwọn yòókù. Títí ọmọ náà fi kúrò ní ilé náà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí wọn kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì tún wà. Mo ń gbálẹ̀ yàrá ní ọjọ́ kan, mo sì bá búrẹ́dì tí ó ti bu lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ kékeré kan, ègé mẹ́rin. Mo pariwo. Mo ní olè ni, mo ní a kò ní fún un ní oúnjẹ alẹ́. Màmá yìí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, fi búrẹ́dì yẹn sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí ó bá dá a lójú pé oúnjẹ ọ̀la ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jù ú nù. Tìrẹ ni kí o rí i pé oúnjẹ kò pẹ́.” Ó gba oṣù mẹ́ta. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, gbogbo ìtọ́jú tí a ṣe fún ọmọ náà kò ju pé kí ẹ̀kọ àárọ̀ dé láago méje gééré lọ.

Ṣé o rí i bí iṣẹ́ náà ti rí? Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi yangàn nínú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti ọ́fíìsì wá bẹ̀ wá wò, ilẹ̀ tí a gbá àti ìwé tí a kọ ni yóò rí. Kò lè rí ẹní tí kò tutù mọ́. Ọjọ́ ìbẹ̀wò àwọn òbí sì ni ó máa ń le jù. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wá wò ní ọjọ́ náà, má ṣe bá a wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Yóò fọ́ abọ́, yóò bú ìyá ẹlòmíràn, yóò sì máa wá ẹni tí yóò nà án kí ó lè rí ìdí sunkún.

Mo mọ ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ sọ pé ọmọ tí a kò bá nà yóò bàjẹ́, pé ẹgba ni wọ́n fi tọ́ ìwọ náà, ìwọ kò sì kú. Àwọn àgbà kúkú ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, ọwọ́ kejì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n wo ọmọ tí a ń wí yìí dáadáa. Ọwọ́ tí ń bá a wí kò wọ́n ọn rí: bàbá nà án, ìyàwó bàbá nà án, ọlọ́pàá nà án, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdíkọ̀ nà án. Bí ẹgba bá lè tún un ṣe ni, ìbá ti di ẹni ìwà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ kejì ni kò rí rí.

Ẹnìkan wà tí ó mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ní Warsaw, olú ìlú Poland, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Janusz Korczak ṣe àkóso ilé àwọn ọmọ Júù aláìlóbìí láti 1912. Ó dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ nínú ilé náà, àwọn ọmọ fúnra wọn sì ni adájọ́. Ọmọ lè pe ọmọ lẹ́jọ́, ọmọ sì lè pe alágbàtọ́ lẹ́jọ́. Nínú ìwé òfin wọn, ìdáríjì ni gbogbo òfin láti orí èkíní títí dé ìkọkàndínlọ́gọ́rùn-ún. Korczak tìkara rẹ̀ fi ara rẹ̀ sun ilé ẹjọ́ yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù mẹ́fà; lára ẹ̀sùn náà ni pé ó gbá ọmọkùnrin kan létí, àti pé ó pe ọmọbìnrin kan ní olè. Rò ó wò ná: ọ̀gá pátápátá dúró kí àwọn ọmọ tí kò ga dé èjìká rẹ̀ máa dá ẹjọ́ rẹ̀. Kò mú kí ẹ̀rù rẹ̀ kúrò lára wọn, ohun tí ó ṣe ni pé ó mú kí wọ́n gbà á gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1942, nígbà tí àwọn ará Jámánì kó àwọn ọmọ bí igba láti ilé náà lọ sí Treblinka, níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù, Korczak kò fi wọ́n sílẹ̀. Ó bá wọn lọ, òun náà kò sì padà.

Má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a máa kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́. Ọmọ tí ó bá fọ́ fèrèsé, kí ó bá káfíńtà di irinṣẹ́ mú títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹni tí ó bá bú ẹnìkejì rẹ̀, kí ó wá nǹkan ṣe fún un. Kí bẹ́ẹ̀ ni alágbàtọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Èyí le ju ẹgba lọ fún ẹni tí ń ṣe é. Ìṣẹ́jú kan ni nína ń gbà. Káfíńtà lè gba odidi ọ̀sán.

Nǹkan kan wà tí a kì í fẹ́ sọ síta, ṣùgbọ́n àròkọ tí ó bá fò ó kò pé. Àwọn ènìyànkénìyàn a máa wá iṣẹ́ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ tí kò ní alátìlẹ́yìn pọ̀ sí. Ọmọ tí ayé ti pè ní òpùrọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́ bí ó bá ní ẹnìkan fọwọ́ kan òun ní ọ̀nà tí kò tọ́? Nítorí èyí, kí a wádìí ẹni tí ń wá iṣẹ́ náà dé ìlú rẹ̀ àti dé ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Kí alágbàtọ́ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ kan ṣoṣo. Kí ó sì jẹ́ pé ẹnìkan wà láti ìta, tí owó oṣù rẹ̀ kò ti ọwọ́ ọ̀gá ilé náà wá, tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Alágbàtọ́ rere kò ní bínú sí èyí. Òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ béèrè fún un.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó o jẹ yóò máa wo aago, yóò máa ta nǹkan ní ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì lọ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ mìíràn bá yọjú. A kò lè dá a lẹ́bi. Àwọn ọmọ ni yóò san gbèsè náà.

Èyí ni ó gbé mi dé orí ohun tí mo kà sí jù. Ní Romania, lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu wó ní 1989, gbogbo ayé rí àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kó àwọn ọmọ sí lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọlé, wọ́n ń jáde, bí ọkọ̀ ní ìdíkọ̀. Láti 2000, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà mú ọmọdé 136 láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Bucharest, wọ́n sì fi ìbò pín wọn sí méjì. Wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, wọ́n sì fi ìdajì sí ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé alágbàtọ́. Nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀, òye àwọn tí ó lọ sí ìdílé pọ̀ jù, ọkàn wọn sì lè balẹ̀ lọ́dọ̀ ènìyàn jù, pàápàá àwọn tí ó lọ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Ebi kọ́ ni ó pa àwọn tí ó kù. Ohun tí wọn kò ní ni ojú kan tí wọ́n mọ̀ pé yóò padà wá lọ́la.

O lè wá sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a ti gbogbo ilé wọ̀nyí pa. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá fi ìlànà kan lélẹ̀ ní 2009, tí ó ní kí ìdílé ọmọ ṣáájú, kí ilé ìtọ́jú jẹ́ ohun tí a ń lò nígbà tí kò bá sí ọ̀nà tí ó sàn jù ú lọ fún ọmọ náà. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọmọ ọdún 15 tí ó ti gun ènìyàn lọ́bẹ sí yàrá àlejò rẹ̀ ní alẹ́ òní? Títí a ó fi rí onítọ̀hún, ilé náà yóò wà. Kí a jẹ́ kí ó kéré, kí ó sì jọ ilé. Hermann Gmeiner bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ìlú Imst ní Austria ní 1949: ilé kékeré, ìyá kan, àwọn ọmọ mélòó kan tí wọ́n jọ ń dàgbà bí ọmọ ìyá. Irú abúlé bẹ́ẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀ ní Èkó, ó sì wà ní Òwu-Ìjẹ̀bú. Kókó rẹ̀ ni pé ìyá náà kì í lọ sílé nígbà tí agogo bá lù.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ti ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ ọdún 13 kan wà ní ilé tí mo ti ṣiṣẹ́. Fún ọdún kan gbáko kò sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí ó ti wá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó ní òun ní ìyá àgbà ní abúlé kan lẹ́bàá Odógbólú, pé òun kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. Mo ní, “Ní Sátidé, èmi àti ìwọ yóò lọ wò ó.” Ó fọ aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ Túsìdeé. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeé, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì pé kí n lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibòmíràn ní ọjọ́ kejì. Mo kó ẹrù mi nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, nítorí ojú ń tì mí, mo sì tan ara mi jẹ pé mo ń padà bọ̀ láìpẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí n tó padà dé ibẹ̀. Ó ti fo ògiri ní alẹ́ Sátidé náà. Mo dá lọ sí abúlé yẹn. Ìyá àgbà náà wà láàyè, ó ń gún èlùbọ́, kò sì rí ọmọ kankan.

Ọ́fíìsì jẹ̀bi, n kò sì ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Wọ́n ń ṣí alágbàtọ́ nípò bí ẹni ń ṣí àga. Ṣùgbọ́n ìsálọ tí mo sá lọ láìdágbére, èmi ni mo ṣe é, kò sí lẹ́tà tí ó pàṣẹ rẹ̀ fún mi.

Bí iṣẹ́ yìí bá wá wọ̀ ọ́ lójú, Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó ń kọ́ni ní ìmọ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi agbára nìkan ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí àga àwọn tí ń kọ lẹ́tà ìṣínípò ni iṣẹ́ gbé ọ dé lọ́jọ́ kan, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ọ. Má ṣe ṣí alágbàtọ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ láìfún un ní oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kìíní, kí ó sọ fún wọn. Ní oṣù kejì, kí ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ máa bá a jẹun ní tábìlì kan náà pẹ̀lú wọn. Ní oṣù kẹta, kí ó san gbogbo ìlérí tí ó jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ tí ó bá sì ń lọ, kí ó lọ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo wọn wà nílé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lára wọn bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu géètì.